Igò Òjò

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá yan ẹgbẹ́,
gbohùngbohùn mẹ́fà ló ń ké lẹ́ẹ̀kan náà ní pápá,
jẹnẹrétọ̀ ń gbó,
àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ń fa ènìyàn láṣọ.
Jẹ́mítọ́lá di etí rẹ̀ méjèèjì,
ó gba ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ sábẹ́ igi kajú.
Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ pè é wá.
N kò pè é. Ariwo ti sú èmi náà.
Mo jókòó. Ó ń ka èso tó jábọ́:
mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mo ní ọgọ́ta.
Ó ní rárá, òkúta ni ọ̀kan nínú wọn.

Ní Kàbà, kí ẹsẹ̀ tó kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹnu ti sọ "Òkun".
Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé.
Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Ògìdì
títí obìnrin náà fi ń jẹ́ ìkíni ẹni méjì,
tirẹ̀ àti ti ọmọ,
bí ẹni ń san owó ọkọ̀ fún aládùúgbò.
Nọ́ọ̀sì kan ní Ìsánlú ló pe orúkọ nǹkan náà: ọ́tísìmù.
Ìyá ní kó tún un pè.
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì àjẹsára.

Ẹgbẹ́ wa kéré. Ènìyàn mẹ́rin, àga márùn-ún,
igò kan tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn oko iṣu
tí a fi ń wọn òjò ní aago méje àárọ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Owóníyì, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, béèrè pé
kí la máa ṣe tí ọmọ náà á fi lè dúró.
A kò mọ̀. A bi í.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀:
Ẹ sọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú.
Ẹ má fọwọ́ kàn mí láti ẹ̀yìn.
Fáànù yẹn ń sunkún, ẹ pa á.
Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.
Bí mo bá jáde, mo máa padà.

A pa fáànù. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wa láwọ̀.
Ìbítóyè ń kùn, ṣùgbọ́n òun náà ni
kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Jẹ́mítọ́lá ṣí ìwé ọdún tó kọjá,
ó fi ìka lé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà:
"Mílímítà mẹ́jọ. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ yìí.
Ìyá mi sá ẹ̀gẹ́. Ó gbẹ."
Ìbítóyè ní òjò Ògìdì kọ́ ni òjò Kàbà.
Ó ṣí ìwé síwájú. "Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Ọjọ́ kẹrìndínlógún ńkọ́?
Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ.
Òjò kì í da ìwé ara rẹ̀ kọ."

Èmi ni mo kọ ọ́, lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ lórí.
Èmi tí mo gbé àánú dání wá bá a bí agbòjò,
òun ló ká mi mọ́ abẹ́ rẹ̀.
Mo fa ìlà gba orí àwọn mẹ́jọ náà.
N kò rí ohun tí mo lè fi dípò wọn.
Àyè wọn ṣófo títí dòní.

Ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.
Pápá ṣì ń pariwo lọ́dọọdún; kì í lọ,
a kì í sì í ránni pè é.
Lẹ́ẹ̀kan ṣá, ó dúró létí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Òun ló kà á.

Àná, òjò rọ̀ mọ́jú.
Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára igò.
Mo ní, "Òkun o." Mo ti mọ ibi tí ìkíni mi máa ń já sí,
mo ti ń kọjá lọ.
Ó ní, "Mọ́kànlélógún."
Lẹ́yìn náà, fún igò, tàbí fún mi:
"Òkun."